Orin Kẹsàn-án Tí Mo Lọ Gbọ́ ní Àbíjàn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀yin tí wọ́n máa ń bi nílé pé kí lẹ rí nínú orin tó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè, mo ti dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó fi àdúrà sìn mí. Ẹ̀yin tí ẹ sì sọ pé n kò ní rí róòkì kankan ní Àbíjàn, pé ijó ìdí nìkan ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀, ẹ fa àga yín súnmọ́ tòsí. Mo mú àwo orin mẹ́ta bọ̀. Méjì nínú wọn dára gidi. Ẹ̀kẹta ló jẹ́ kí n jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí n kò lè júwe rẹ̀ láì júwe ìyá tó bí ẹni tó kọ ọ́.

Fún ẹni tí kò mọ̀ wá: àwa kan wà n'Ìbàdàn tí a máa ń péjọ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá, níbi tí mo ti ń ta awò ojú, ní ọ̀sán Àìkú tí àwọn ènìyàn rere bá ti jẹun tán tí wọ́n sùn lọ. Ẹnì kan á mú àwo tuntun wá. Ó lè jẹ́ róòkì, ó sì lè jẹ́ orin àwọn tó ń dá ṣe tiwọn láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn wọn, èyí tí a ń pè ní íńdì. A ó gbọ́ ọ láti orí dé ìdí. Òfin kan ṣoṣo la ní, pé a kì í dá àwo lẹ́jọ́ láì gbọ́ ọ tán. Ẹni tó bá lanu kí orin ìkẹyìn tó parí ni yóò ra mínírà fún gbogbo wa. Èmi ni mo ti rà jù.

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwa olólùfẹ́ gìtá láti ìlú oríṣiríṣi ti ń dámọ̀ràn àwo fún ara wa, ni mo ti mọ Ràlíyá. Àbíjàn ni wọ́n bí i sí, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, òun ló sì ń kọrin tó tún ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin kan tó ń jẹ́ Cour Commune. Ó ní àwo àwọn fẹ́ jáde. Ó bẹ̀ mí kí n kọ nǹkan díẹ̀ nípa rẹ̀ lédè Yorùbá fún àwọn ará ilé, nítorí pé òun kò lè kọ ọ́. Mo dá a lóhùn pé n kì í júwe ọbẹ̀ tí n kò tíì tọ́ wò. Àbúrò bàbá mi sì wà ní Treichville, àdúgbò kan ní Àbíjàn, ó ti pẹ́ tó ti ń bi mí pé ṣé ó dìgbà tí òun bá kú kí n tó wá. Bí mo ṣe ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nìyẹn.

Omi ló kọ́kọ́ dé

Obìnrin kan tó ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ló kọ́kọ́ kí mi ní Treichville. "Tantie, bonne arrivée." Àǹtí ni wọ́n ń pè ní tantie. Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń kí káàbọ̀. Èmi náà ni. Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe nítòsí rẹ̀ kí mi bẹ́ẹ̀, àwọn tó jókòó sídìí tíì náà kí mi bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ mí rí. Kí n tó dé inú ilé, mo ti ń rìn bí ẹni tó ṣe ìlú náà lóore kan láì mọ̀.

Bàbá Kékeré ni mo ń pe àbúrò bàbá mi yìí. Ọ̀dọ́ ló wà nígbà tó kúrò n'Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ nítòsí mọ́sáláṣí, orí rẹ̀ ti funfun sídìí iṣẹ́ náà. Ìyàwó rẹ̀, Tantie Awa, tó jẹ́ ẹ̀yà Jùlá, gbé omi fún mi, ó sì fi àga hàn mí. Bí mo ṣe jókòó ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ àwọn oníbodè. Bàbá kàn ń wò mí. Tantie Awa gbọ́wọ́ sókè díẹ̀, ó ní kí n mu omi ná. Mo mu ún tán. Ìgbà náà ni Bàbá gbé ara rẹ̀ bọ̀ síwájú bí adájọ́, ó ní, "Les nouvelles?" Ìròyìn ló ń béèrè. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn oníbodè, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá ló wá là mí lóye. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ béèrè, ohun tí àlejò máa ń fèsì ni pé kò sí nǹkan burúkú, àlàáfíà ló gbé òun wá. Ìgbà tí ọkàn onílé bá ti balẹ̀ ni àlejò yóò wá máa rojọ́. Nílé wa, láti ẹnu ọ̀nà ni ẹni tó dé ti ń sọ̀rọ̀, a ó sì máa gbọ́ ọ bó ṣe ń wá ibi tí yóò gbé báàgì sí. Mo fẹ́ràn tiwọn, n kò ní purọ́. Ó dára kí ènìyàn fi ọkàn onílé balẹ̀ kó tó kó wàhálà rẹ̀ sílẹ̀.

Oúnjẹ tí wọ́n gbé fún mi ni àtíékè, tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, pẹ̀lú ẹja díndín, àlùbọ́sà tútù àti ata gígún. Ẹ fọkàn yàwòrán gàrí tí wọ́n rán lọ sílé ẹ̀kọ́ ìwà. Kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kò ta ikùn, ó kàn jókòó jẹ́jẹ́. Mo jẹ abọ́ kan, Tantie Awa bu òmíràn láì bi mí. Bàbá bi mí pé kí ni mo bá wá gan-an, mo ní orin ni. Ó wò mí títí. Ó ní, "Àdùkẹ́, pẹ̀lú àgbà tó ti dé sí ọ yìí, ariwo yẹn lo ṣì ń gbọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí Ọlọ́run dá etí mi sí.

Anango

Táksí àjọwọ̀ tí wọ́n ń pè ní wôrô-wôrô ni mo bá lọ sí Koumassi, àdúgbò tí Ràlíyá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń dánrawò. Èdè Faransé tí mo kọ́ nílé ìwé, tí mo sì gbàgbé síbẹ̀, ni mo fi bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Kò jẹ́ kí n parí gbólóhùn mi tó fi bi mí pé, "Vous êtes Anango?" Bàbá ti sọ fún mi pé orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn, pé àwọn kan ń fi ìfẹ́ pè é, àwọn mìíràn sì ń yínmú pè é. Mo ti ojú mi le sílẹ̀ de èyíkéyìí tó bá fẹ́ jẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Anango ni mí.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀dọ̀ Anango kan ní ọjà Adjamé ni ìyá òun ti kọ́ òwò aṣọ, pé obìnrin náà máa ń gbé oúnjẹ wá fún àwọn nígbà ààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìjọ Àgùdà ni ìyá òun. Kí ló kù tí mo tún fẹ́ ti ojú le sí? Mo bi í léèrè nípa orin tó ń dún nínú ọkọ̀, nítorí gìtá inú rẹ̀ ti ń fà mí létí láti ìgbà tí mo wọlé. Ó ní àbúrò òun wà nínú ẹgbẹ́ náà. Orúkọ wọn ni Poussière du Nord, èyíinì ni eruku àríwá, ọmọ àríwá ìlú wọn ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ra àwo wọn lọ́wọ́ rẹ̀; ẹ wá a, ẹ gbọ́ ọ. Gìtá kan wúwo, ìkejì ń sá kiri lórí rẹ̀ bí ewúrẹ́ lórí òrùlé, onílù wọn kò sì kánjú rárá. Ẹni tó bá ní ọ̀nà jíjìn láti wà ni kó gbé e sétí. Orin kẹrin rẹ̀ gùn jù, ṣùgbọ́n mo dárí jì wọ́n.

Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, àwọn tí a jọ wọ ọkọ̀ ló bá mi ṣàpèjúwe ilé tí mo ń wá, tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí. Ẹnì kan nínú wọn tilẹ̀ bá mi sọ̀ kalẹ̀, ó mú mi dé ojúlé. Ó ní àlejò kì í ṣìnà ní Koumassi bí òun bá wà níbẹ̀.

Lábẹ́ ìbòòji oníṣẹ́ àga

Cour commune ni wọ́n ń pe agbo ilé tí ìdílé púpọ̀ ń gbé, tí gbogbo wọn ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Inú irú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ Ràlíyá ti ń dánrawò, lábẹ́ páànù ọkùnrin kan tó ń ṣe àga tìmùtìmù. Àwọn àga tí kò tíì parí ni wọ́n ń jókòó lé. Ràlíyá sáré wá kúnlẹ̀ kí mi. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó wé gèlè kékeré, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò Plateau dé. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, tantie. Ẹ jókòó. Ẹ má wò ó, on est là." Ìyẹn ni pé àwọn wà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Yorùbá tán lẹ́nu rẹ̀, ó bọ́ sínú Faransé. Ohun gbogbo tí mo bá fi Yorùbá sọ ló ń gbọ́. Ìdáhùn ni kò ń jáde.

Konan, onílù wọn, ọmọkùnrin tó ga tó sì ń tijú, ló kọ́kọ́ fún mi ní àwo kan láti mú lọ sílé, kó lè mọ bí etí mi ṣe rí. Ọmọbìnrin kan ní Yopougon ló kọ ọ́ nínú yàrá rẹ̀ pẹ̀lú gìtá kan péré. Ventilateur lorúkọ rẹ̀, èyíinì ni fáànù, nítorí ooru kò jẹ́ kó lè pa fáànù rẹ̀ nígbà tó ń gba orin náà sílẹ̀, o sì ń gbọ́ ọ lábẹ́ gbogbo orin. Tí ọkàn rẹ bá dàrú, èyí ni kí o gbọ́. Mo sọ fún Konan pé ó dùn mọ́ mi. Ojú rẹ̀ là, ó ní ó yá, kí n wá gbọ́ tàwọn.

Orin mẹ́sàn-án ló wà lórí àwo wọn. Àkọ́kọ́ dá lórí ìlà omi ní àárọ̀, pẹ̀lú àwọn garawa tí wọ́n fi ṣe ìlù. Ìkẹta ń ké, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn gìtá tó ya ẹnu, tiyín nìyẹn. Ìkẹfà sọ nípa ọmọ tí wọ́n ń pè ní Anango nílé ìwé, tó délé tó bi ìyá rẹ̀ pé ṣé àrùn ni. Mo jókòó, mo pa ẹnu mọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin wa. Ìgbà tó di ẹ̀kẹsàn-án, gìtá gbogbo dákẹ́. Ohùn Ràlíyá nìkan ló kù. Ó ní:

Ìyá tó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ibùsùn fún mi,
mo ń lọ, n kò lè lọ láì dúpẹ́.
Ẹsẹ̀ mi ń rìn, ojú mi ń wẹ̀yìn.

 Bí wọ́n ṣe ń fa ohùn rẹ̀ n'Ògbómọ̀ṣọ́ gẹ́lẹ́ ló ṣe fà á. Ẹkún ìyàwó ni. Ẹ̀yin tí ẹ kò dé ìlú wa rí, ọjọ́ tí ìyàwó bá ń lọ sílé ọkọ ló máa ń sun ún, tí yóò fi dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá, tí yóò tọrọ àforíjì, tí yóò sì gba àdúrà. Ọmọ tí kò rí ọkọ kì í sun ún. Konan ní orin náà ni gbogbo ènìyàn fẹ́ràn jù, àwọn tilẹ̀ ti fi í, tó jẹ́ ìrù àwo náà, sórí fóònù káwọn ènìyàn lè tọ́ ọ wò. Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni odindi àwo náà yóò jáde. Mo yìn wọ́n, mo sì yìn wọ́n dénú, ṣùgbọ́n mo ń ronú nípa Adjamé, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń tajà, bóyá ó ti gbọ́ ọ.

Abọ́ ìyàwó

Bàbá Kékeré ló ní kí n lọ kí ìyá Ràlíyá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Adjamé, pé ará ilé kan náà ni wá. Ẹni tó bá rí ọjà yẹn á mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń dúró ronú. Èrò ló gbé mi dé ibẹ̀. Àǹkárá ló ń tà, wọ́n tò ó dé òrùlé. Obìnrin abara fúyẹ́ ni, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì ń fi ọwọ́ ká aṣọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó fún mi lómi. Ó béèrè ìròyìn. Mo ní àlàáfíà ni, mà, kò sí nǹkan burúkú. Ó wò mí tẹ̀rín tẹ̀rín, ó ní wọ́n ti kọ́ mi.

A ṣì ń kí ara wa ni àwọn obìnrin méjì kan ya wọlé, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Wọ́n ru abọ́ tánganran aláwọ̀ òdòdó tí wọ́n fi ìborùn dì. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ilé ọkọ á tù ú lára. Ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mẹní. Ìyá Ràlíyá ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó ń fi irú ojú bẹ́ẹ̀ ṣe àmín rí. Nígbà tí wọ́n lọ, ó gbé igun aṣọ kan sókè, mo sì rí àwọn abọ́ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ga débi àyà mi.

Ó ní láti ọjọ́ tí orin náà ti wọ fóònù àwọn ará ọjà ni wọ́n ti ń kó o wá. Àṣà wọn ni níbẹ̀ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ ẹkún ọmọ ará ilé, oníkálùkù á gbé ohun ìdáná dìde. Wọ́n tilẹ̀ ń bínú pé ó fi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ pamọ́ fún àwọn. Abọ́ ìyàwó kì í sì í padà sílé ẹni tó gbé e wá, nítorí ẹni tó bá dá a padà ti gégùn-ún fún ọmọ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ọkọ.

"Èmi ni mo ra gìtá àkọ́kọ́ fún un," ó ní. "Mi ò bá orin jà. Ṣùgbọ́n bá mi bẹ̀ ẹ́, ìwọ tí ẹ jọ ń gbọ́ ariwo. Kó yọ èyí kúrò kó tó di vendredi, ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, kí n lè sọ fún wọn pé àṣìṣe ni. Ìtìjú ò ní jẹ́ kí n lè jókòó lọ́jà yìí mọ́."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ mọ ẹnu mi. Mo fẹ́ gba ọmọ náà sílẹ̀ ni. Mo ní kó má bínú, pé Ràlíyá kò mọ ohun tó ń sọ, pé ó gbọ́ ohùn tó dùn ló fi mú un, Yorùbá rẹ̀ kò tó ìyẹn.  Ìyá náà ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ, ó tún un ká.

"Bóyá," ó ní. "Èmi ni mi ò kọ́ ọ tó."

Mo kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó gbìyànjú láti pa eṣinṣin lára alárùn, tó wá gbá egbò rẹ̀.

Ohun tó mọ̀

Mo jíṣẹ́ fún Ràlíyá lábẹ́ páànù oníṣẹ́ àga. Konan ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní bí wọ́n bá yọ orin náà, àwo kò ní ìdí mọ́, á kàn já bọ́ ni. Ṣùgbọ́n la vieille mère, ìyá àgbà, ló sọ ọ́, ó ní, bó bá ní kí àwọn yọ ọ́, àwọn á yọ ọ́. Ọ̀wọ̀ tí ọmọ náà ní fún ìyá tí kì í ṣe tirẹ̀ wú mi lórí.  Ràlíyá ń fi ọwọ́ tẹ okùn gìtá tí kò dún.

"Tantie, ẹ sọ fún Màmá pé mi ò mọ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni.

"Mo mọ̀," ó ní. "Je comprends tout, gbogbo rẹ̀ ló ń yé mi. Sísọ ló le."

Ó wá ń sọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀, Yorùbá díẹ̀, Faransé púpọ̀. Láti kékeré rẹ̀, ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí ìyá rẹ̀ tó lọ sí Adjamé, á máa ká aṣọ tó fẹ́ rù, á sì máa sun ẹkún náà sábẹ́ ètè. Ó rò pé ọmọ ń sùn, tàbí pé kò yé e. Ó yé e. Ẹkún tí ìyá rẹ̀ sun lọ́jọ́ tó kúrò n'Ògbómọ̀ṣọ́ wá fẹ́ ọkọ ní Àbíjàn ni. Ìyá tirẹ̀ tó sun ún fún kú kí ọmọ tó rí àyè padà lọ wò ó. Òun ni Ìyá Ràlíyá ṣì ń fi ẹkún náà kí.

"Màmá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́ mọ́," ó ní. "Moi, tèmi wà láàyè. Mo fẹ́ kó gbọ́. Ṣé mo gbọ́dọ̀ rí ọkọ kí n tó dúpẹ́ ni?"

 Mo bi í pé kí ló dé tí kò kàn jókòó sọ ọ́ fún un. Ó ní tí òun bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, ahọ́n òun á di kókó, tí òun bá sì sọ ọ́ ní Faransé, á dà bí ìwé tó wá láti ọ́fíìsì. Nínú orin nìkan ni ahọ́n òun ti ń tú. Àti pé òun ń lọ lóòótọ́. Bí àwo bá ti jáde, òun á fi iṣẹ́ Plateau sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn á sì máa lọ láti ìlú dé ìlú dé Dakar, kò mọ ìgbà tí òun yóò dé. Ìyá rẹ̀ mọ̀. Wọn kò tíì lè sọ ọ́ láàárín ara wọn.

Ojú tì mí, mo sì jẹ́ kó rí i pé ó tì mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo padà sí Adjamé. Mo sọ fún Ìyá Ràlíyá pé èmi ni mo ṣì í sọ, pé ọmọ náà mọ ohun tó kọ, láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ó bi mí pé, "Ó mọ̀?" Mo ní gbogbo rẹ̀, mà. N kò sọ ìyókù, nítorí kì í ṣe tèmi láti sọ. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ kó wá gbọ́ àwo náà tán kó tó dá a lẹ́jọ́, pé òfin wa n'Ìbàdàn nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ariwo náà lófin? Lẹ́yìn náà ló wá ní òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó ń wo etí aṣọ nìkan kó tó sanwó.

Ọ̀sán Àìkú

Ó wá. Kò dá wá, ó kó àwọn obìnrin tó gbé abọ́ wá dání, ó ní ìrù ni wọ́n gbọ́, kí wọ́n wá rí orí. Wọ́n jókòó lórí àwọn àga tìmùtìmù tí kò láṣọ, wọ́n fi ìborùn bo eékún. Àwọn ará agbo ilé gbé omi wá, wọ́n béèrè ìròyìn, Ìyá Ràlíyá ní àlàáfíà ni. Mo mọ̀ pé kò tíì dá a lójú.

Konan tẹ orin. Nígbà tí garawa bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àwọn obìnrin náà wo ara wọn, ọ̀kan nínú wọn mi orí. Nígbà tí gìtá ya ẹnu ní ìkẹta, wọ́n dì mọ́ àga, ẹ̀rín sì ń pa mí. Ìkẹfà dé, ti ọmọ Anango, kò sẹ́ni tó mira. Ìyá Ràlíyá ń wo ilẹ̀. Ìkẹjọ ní ìlù kan tó ń lu pẹ̀tẹ̀, pẹ̀tẹ̀, n kò mọ ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ àfi ìgbà tí mo rí i tí ọwọ́ Ìyá Ràlíyá ń bá a lọ lórí itan rẹ̀. Ìró aṣọ tí wọ́n ń ká ni. Kí orin náà tó parí, ó ti mọ ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ ní kùtùkùtù, àti ẹni tí kò sùn.

Ìkẹsàn-án wá dún. Ràlíyá kò lè wo ìyá rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Gbogbo agbo ilé gbọ́ ọ, àwọn tó wà lẹ́nu omi dúró. Nígbà tó parí, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ọkọ wá dà. Ìyá Ràlíyá dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé kò sí ọkọ.

"Ọmọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójú ayé mi," ó ní. "Ohun tí ẹ gbé abọ́ wá fún nìyẹn. Ẹ bá mi yọ̀."

 Obìnrin tó béèrè ọkọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n wá kọ́ ọmọ tòun náà ní gìtá. Ẹ̀rín gba agbo ilé. Omijé wà lójú mi, n kò sì nù ún.

Kí n tó sọ ohun tó kù, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà wọn kan fún yín. Níbẹ̀, àlejò kì í ṣàdédé dìde lọ. Á tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ onílé, onílé á sì fún un ní ìdajì ọ̀nà. Ìdajì kejì ń dúró sílé ni, kó lè jẹ́ pé àlejò yóò padà wá. Ẹni tí wọ́n bá fún ní odindi ọ̀nà, wọn kò retí rẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Ìyá Ràlíyá dìde, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ níbi ògiri. Ràlíyá kúnlẹ̀. Ìyá náà gbé ọwọ́ lé e lórí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìyàwó.

"Odindi ọ̀nà ni wọ́n fún mi n'Ògbómọ̀ṣọ́," ó ní. "Mi ò rí ìyá mi mọ́. Ìwọ, la moitié ni mo fún ọ. Ìdajì. Èyí tó kù wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ ṣé, ìyá mi," ni Ràlíyá wí. Kò kọ ọ́ lórin, ahọ́n rẹ̀ kò sì di kókó.

Konan fà mí láṣọ, ó bi mí ní Faransé pé kí ni la vieille mère sọ. Mo ní ó ní kí orin náà dúró sórí àwo.